Mọ́tò Tí Mo Gbé Lé Bàbá Láyà

Iṣu sísun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí ìtìjú tó dé. Iṣu tó jóná díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi ọ̀bẹ ha, tí wọ́n bu epo pupa tì í nínú àwo. Mo jókòó lórí táìlì tó tutù, mo na ẹsẹ̀, mò ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n bí sínú ilé náà, mo tún ń nu ọwọ́ epo mọ́ ibi tí mo jókòó sí. Ibojì bàbá onílé ni ibẹ̀. Mo sì mọ̀. Kò sí ọmọ Èkìtì tó máa rí ibojì níwájú ilé tí kò ní mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn: mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Nígbà yẹn, mo ti fi ilé ìwé gíga sílẹ̀ ní ọdún kejì. Kí n kúkú sọ òótọ́, ilé ìwé ló fi mí sílẹ̀. Èmi kàn ń dúró kiri ibẹ̀ títí tí kò fi sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi mọ́. Mo kó ẹrù mi wá sí Ìkọ̀lé, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì pín ṣọ́ọ̀bù. Mo ní láptọ́ọ̀pù kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti yọ, tó jẹ́ pé inú ihò ni mò ń fi ìka tẹ̀. Mo sì ní ètò ìyàwòrán ilé tí ẹnìkan bá mi fi sínú rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò sanwó fún. Ọ̀sẹ̀ tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ilẹ̀kùn sára ògiri nínú rẹ̀ ni mo lọ tẹ káàdì. Àkítẹ́ẹ̀tì ni mo ní kí wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi fi àìgbọ́n tèmi nìkan dá ṣọ́ọ̀bù.

Ètò yẹn dùn ún lò fún ọ̀lẹ. Ó ti kó gbogbo nǹkan sílẹ̀ dè ọ́: ilẹ̀kùn, fèrèsé, òrùlé, àga, òdòdó, ajá. Kí o ṣáà fà á wá, kí o jù ú sílẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ilé àwọn tó ṣe é ni wọ́n kó síbẹ̀, kì í ṣe ilé tiwa. Bí o bá gba ògiri bó ṣe gbé e fún ọ, ògiri pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni; àfi kí o ṣí i, kí o sọ fún un pé búlọ́ọ̀kù là ń lò, pé a sì ń rẹ́ ẹ tinú tòde. Bí o bá gba fèrèsé rẹ̀, kò ní bọ́gìlárì. Bí o bá gba ìwọ̀n rẹ̀, mítà ló ń kà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà ni bírìkìlà ń kà. Mo mọ gbogbo ìyẹn báyìí. Nígbà náà, ohun tó bá gbé fún mi ni mò ń gbà, mo tún ń dúpẹ́. Ilé tí mo kọ́kọ́ yà, ní Ayédé, ibi ìyáná wà nínú pálọ̀ rẹ̀, ihò èéfín sì yọ lórí páànù, irú èyí tí àwọn tí yìnyín ń bọ́ lé lórí máa ń ní. Bírìkìlà tó fẹ́ kọ́ ọ, ọkùnrin Ìdó kan tó ti ń kọ́lé kí wọ́n tó bí mi, pè mí lórí fóònù.

"Àkítẹ́ẹ̀tì, kí ni ihò orí páànù yìí wà fún?"

"Fún afẹ́fẹ́ ni, ọ̀gá."

"Afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, òjò ò ní gba ibẹ̀?"

"Ẹ ṣáà tẹ̀lé pláànù."

Ọlọ́run ló yọ mí, kò tẹ̀lé e. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti ẹnu mi. Ẹ tẹ̀lé pláànù. Ẹni tí kò mọ ìdáhùn, tí kò sì fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n, á ní gbólóhùn kan báyìí tó máa ń sá sẹ́yìn rẹ̀.

Màmá tó fún mi ní iṣu yẹn jẹ́ opó, ní Ìkọ̀lé níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà lókè òkun fẹ́ tún iwájú ilé ṣe: bárándà tuntun, àti ibi tí mọ́tò máa dúró sí, torí ó ń gbèrò láti kó ìyàwó àtàwọn ọmọ wálé ní Kérésìmesì. Ó fẹ́ kí wọ́n yà á kí òun kọ́kọ́ rí i. Ọ̀rẹ́ mi oní-fọ́tòkọ́pì ló júwe mi fún un.

Lọ́jọ́ tí mo lọ wọn ilẹ̀, màmá gbé àga kan jáde, ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, ó gbé e padà. Ó ní, "Lọ jókòó ti bàbá, ibẹ̀ tutù." Mò ń wò yíká, mò ń wá bàbá arúgbó tí màá dọ̀bálẹ̀ fún. Ló bá fọwọ́ kan ibojì náà pẹ́pẹ́, bí ẹni ń jí ẹni tó sùn, ó ní, "Àlejò wa rèé o. Òun ló fẹ́ ya ulé wa." Ibẹ̀ ni òun náà ti máa ń bó ẹ̀gúsí láràárọ̀, táá máa ròyìn ṣọ́ọ̀ṣì fún ọkọ rẹ̀: ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ẹni tó gbé orin tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo wọn ilé, mo wọn ọgbà, mo wọn ìdí igi máńgòrò. Nígbà tó kan ibojì, mo ká téèpù mi.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo wá ibojì nínú ètò náà, kò sí. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Àga tí wọ́n fi ń yá oòrùn wà níbẹ̀. Ajá wà, èyí tó jókòó àtèyí tó dùbúlẹ̀. Àwọn tó ṣe é kì í sin bàbá wọn síwájú ilé. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á yà á fúnra rẹ̀: á fa àpótí kan, á fún un ní gígùn, ìbú àti gíga, á fi táìlì bò ó, á sọ ọ́ lórúkọ, á tọ́jú rẹ̀ síbi táá ti máa rí i lò. Iṣẹ́ tí ẹ̀kọ gbígbóná ò ní tutù kó tó parí ni. Èmi ò mọ̀ ọ́n, ojú sì ń tì mí láti bi ẹnikẹ́ni. Àyè náà kàn ṣófo báyìí, kò dáa lójú. Mo bá fa mọ́tò pupa kan wá, mo jù ú síbẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí! Mo tan iná iwájú rẹ̀. Mo tún fi ajá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó jókòó.

Mo yọ ọ́ ní fọ́tò, mo fi í ránṣẹ́, inú bọ̀ọ̀dá òkè òkun dùn. Ó ní, "Àbúrò, ọwọ́ ẹ ò ní wọlẹ̀! Ilé bàbá mi rèé?" Òun náà ò fura. Kò lè wálé nígbà tí wọ́n sin bàbá, inú fóònù ló ti wo ìsìnkú náà, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí. Ó fi fọ́tò ilé tí mo yà náà ránṣẹ́ sí bírìkìlà, ọkùnrin Ìdó kan náà, pé bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni kó ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bírìkìlà pè mí. "Àkítẹ́ẹ̀tì, ibojì wà níbí o. Mọ́tò ló wà níbẹ̀ nínú fọ́tò tìẹ."

Mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo wo mọ́tò náà.

"Ṣé ẹbí ti gbà ni?"

Ibi tí mo ti lè gba ara mi là nìyẹn. Kí n kàn ní, ọ̀gá, ẹ dúró ná, mo ṣe àṣìṣe. Àmọ́ mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín tó máa rín, mo sì rántí ihò èéfín. Mo ní, "Wọ́n ti gbà. Ẹ tẹ̀lé pláànù."

Kò pẹ́ tó tún pè mí. Kò pariwo. Ó ní, "Máa bọ̀. Gbé kọ̀ǹpútà ẹ dání."

Màmá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ti bá wọn lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, orí ibojì ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, igbá ẹ̀gúsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bó o. Igun kan ti fọ́, táìlì rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn lébìrà ti lọ kóra jọ sábẹ́ máńgòrò. Bọ̀ọ̀dá wà lórí fóònù, wọ́n gbé fóònù náà ti ògiri, ojú rẹ̀ ń hàn nínú rẹ̀. Bírìkìlà fi díígà tilẹ̀, ó wò mí.

"Àkítẹ́ẹ̀tì dé. Ẹbí tó gbà rèé o. Wá kí wọn."

Mo dọ̀bálẹ̀. Màmá ní kí n gbé fọ́tò náà wá. Mo ṣí i. Ó fi ìka tí èèpo ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́ tọ́ka sí bárándà, ó tọ́ka sí fèrèsé. "Ó dáa," ló wí. "Ulé yìí dáa gan-an ni." Ó wò mí lójú. "Ọkọ mi dà?"

Mo fa fọ́tò náà sápá kan, mo tún fà á padà.

"Mo ní, ọkọ mi dà? Ṣebí ìwọ lo jókòó tì í. Ṣebí ìwọ lo jẹ uṣu níbí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kò sí nínú kọ̀ǹpútà ni."

"Mọ́tò wá wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mọ́tò ta ni?"

Mi ò mọ mọ́tò ta ni. Bírìkìlà na ọrùn wò ó, ó ní, "Ajá yẹn náà ńkọ́, ajá ta ni?" Àwọn lébìrà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mò ń sá fún láti àárọ̀ ti dé, ó tún mú èrò wá.

Bọ̀ọ̀dá ń sọ nínú fóònù pé, "Màmá, ẹ má bínú, mo rò pé ẹ̀yìnkùlé ni." Màmá ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìnkùlé lo rò. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ bo ojú.

Mo rò pé wọ́n máa nà mí. Ì bá dáa kí wọ́n nà mí. Màmá kàn ní, "Jókòó, kí o yà á."

Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé láptọ́ọ̀pù lé ẹsẹ̀. Mo fa àpótí, ó ṣubú sínú ògiri. Mo tún fà á. Bírìkìlà ń wọn ibojì, ó ń pe ìwọ̀n rẹ̀ fún mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ìyẹn gan-an ló burú jù. Mo mú táìlì funfun. Màmá ní, "Funfun kọ́. Àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí ni." Mo wá a títí mo fi rí i. Ó ní kí n jẹ́ kí ibi orí ga ju ibi ẹsẹ̀ lọ, kí bàbá lè máa rí ẹni tó ń wọlé. Mo gbé e sókè. Ó ní, "Fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀hún. Èmi ni mo máa ń sùn lápá ògiri." Mo fi àyè náà sílẹ̀. Mo gbé mọ́tò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máńgòrò, mo pa ajá rẹ́.

Bí mo ṣe ń tọ́jú iṣẹ́ náà sínú láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ni màmá bi mí pé, "Bàbá tìẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú, mà. Odò-Orò ni wọ́n wà."

"Irú táìlì wo lẹ fi ṣe tiwọn?"

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Mo ṣì wà nílé ìwé nígbà tó kú, ó sì ti sọ fún gbogbo Odò-Orò pé ẹńjiníà lòun bí. Lẹ́yìn ìsìnkú, mi ò padà débẹ̀ mọ́, torí ẹńjiníà ni wọ́n fi ń kí mi láti òpin ìlú dé òpin ìlú. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é.

"Funfun, mà," ni mo wí.

"Funfun," lòun náà wí, ó sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Mo ṣì ń ya ilé. Mo ti fa káàdì àkítẹ́ẹ̀tì yẹn ya. Kí n tó wọn ilé ẹnikẹ́ni báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló ń sùn níbí, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á mú mi lọ hàn án. Bí mo bá gba iwájú ilé màmá kọjá, á ní kí n wá jókòó ti bàbá. Ilẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Wọ́n ti lẹ igun yẹn padà, àmọ́ wọn ò rí àwọ̀ táìlì náà rà mọ́, ẹni tó bá mọ̀ á máa rí i.

Mo padà lọ sí Odò-Orò, mo mú téèpù dání. Kò sí táìlì kankan. Ilẹ̀ pupa lásán ni, wọ́n to búlọ́ọ̀kù yí i ká, èpò ti hù láàárín rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń kọjá lọ sóko kí mi: "Ẹńjiníà, o wá wo bàbá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo tu èpò, mo wọn gígùn, mo wọn ìbú. Ìwọ̀n náà ti wà nínú láptọ́ọ̀pù mi, orúkọ bàbá mi ni mo fi sọ ọ́, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ilẹ̀ pupa nínú ètò náà. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí mo bá ṣí i, tó kan ibi tí wọ́n ti ń yan àwọ̀, funfun lọwọ́ mi máa ń kọ́kọ́ lọ bá.