Ìlà Mẹ́rin Lórí Aṣọ Pupa

Ẹnu Màmá Ẹkìnrìn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, kí èmi náà tó kó sínú rẹ̀. Ọ̀gá mi ni. Ọmọ Ẹkìnrìn-Àdẹ ni, abẹ́ rẹ̀ ni mo sì ti fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn yunifásítì kí wọ́n tó fún mi ní láísẹ́ǹsì. Ó ní ọkùnrin kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tí ó jẹ́ kí láísẹ́ǹsì rẹ̀ kú sórí ògiri. Ó ń tọ́jú aláìsàn lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan yọ̀ ṣubú lọ́wọ́ rẹ̀, itan ìyá náà sì kán. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà wá rojọ́.

"Kò sẹ́ni tó bá a dúró," ni Màmá Ẹkìnrìn wí. "Lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe oníṣẹ́ mọ́. Ọkùnrin kan lásán ni, tó lọ di ìyá oníyàá mú."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ojú mi ò tíì là.

Bóyá kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá mú ènìyàn, dókítà á gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ẹlòmíì á kọ́ ọ bí yóò ṣe tún rìn. Tèmi ni láti béèrè pé, "Kí lẹ máa ń fi ọwọ́ yìí ṣe?" Ohun tó bá dárúkọ, ì báà ṣe bọ́tìnnì dídè, ì báà ṣe ẹ̀gúsí bíbó, òun la ó jọ máa ṣe díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ á fi rántí. Àwọn ará Kábbà ò rí orúkọ pè é. "Dókítà Ọwọ́" ni wọ́n ń pè mí, títí kan àwọn ọlọ́kadà.

Ọdọọdún la sì ń sọ láísẹ́ǹsì náà dọ̀tun. A ó kó ìwé ẹ̀rí jáde pé a lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún náà, pé ọgbọ́n ọwọ́ wa kò tíì dípẹtà.

Ìyá Dúró ló mú mi gbàgbé. Ahunṣọ ni, ní Ayéwá, ní ilẹ̀ Bùnù. Òfì rẹ̀ dúró ti ògiri yàrá bó ṣe wà lọ́jọ́ tí àrùn náà mú un lápá ọ̀tún, aṣọ pupa tó ń hun sì dé ìdajì lórí rẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè mi. Ó kàn fojú tọ́ka sí òfì.

Dúró, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni iṣẹ́ tó le jù. Kò burú o. Ọmọ dáadáa ni. Ó ń fi ṣíbí bọ́ ìyá rẹ̀, ó ń bá a ró aṣọ, kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan. Lọ́dọ̀ wa, ìtìjú ni kí aládùúgbò wọlé bá ìyá aláìsàn lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí kì í ṣe pé kò bímọ.

"Dókítà, kí ni kí n sọ fún wọn?" ni ó bi mí. "Pé ìyá mi ń hunṣọ, èmi jókòó?"

"Ẹ sọ pé oògùn ni."

"Oògùn wo ló ń jẹ́ òwú?"

Ẹnu ìyá náà ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín. "Dúró, jẹ́ kí n lo oògùn mi jàre."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo fi aṣọ wé igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá òwú wọlé, kó lè kún un lọ́wọ́, mo sì ń di ìgunpá rẹ̀ mú. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti hun ìlà mẹ́rin. Wọ́n wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ìgbín. "Ọmọ ọdún méje á hun jù báyìí lọ," ló wí, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni tú u.

Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́kọ́jà lọ́dún náà, Ayéwá ni mo wà. Mo ní màá lọ sí èyí tó kàn. Ọdún bá parí mọ́ mi lórí. Láísẹ́ǹsì tèmi náà kú sórí ògiri.

Mo pe Màmá Ẹkìnrìn lórí fóònù. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. "Màmá, ta ni yóò mọ̀ ní Ayéwá?"

"Ìwọ ńkọ́?" ló wí. "Ṣé ìwọ ò ní sí ní Ayéwá ni?"

Mo lọ sọ fún Ìyá Dúró fúnra mi pé n kò ní lè tọ́jú rẹ̀ títí wọn yóò fi sọ láísẹ́ǹsì mi dọ̀tun. Kò sí ẹlòmíì nítòsí tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi tí mo lè fà á lé lọ́wọ́.

"Ṣé wọ́n gba ọwọ́ rẹ ni?" ló bi mí.

"Rárá, Ìyá. Ìwé ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré."

"Ìwé." Ó pè é bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ wò. "Lọ, kí o tètè dé. Okun o." Bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa nìyẹn.

Nígbà tí mo fi gba ìwé tuntun dé, òfì ti kúrò lára ògiri. Àwọn tó wá kí wọn ti sọ̀rọ̀ sí Dúró létí, ó sì ti gé aṣọ náà kúrò, ó ká a sínú àpótí, kí ìyá rẹ̀ lè sinmi. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ká jọ lórí itan. Aṣọ tí a bá sì ti gé kúrò lórí òfì, kò ṣe é dá padà.

"Mo rò pé ẹ ò ní wá mọ́ ni," ni Dúró wí, ó sì bú sẹ́kún.

A tún bẹ̀rẹ̀, ṣíbí la fi bẹ̀rẹ̀. Dúró fúnra rẹ̀ ló ń di ìgunpá mú. Kí ọyẹ́ tó ká, Ìyá ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, ó sì ń fi Dúró ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọbẹ̀ rẹ̀ ti dùn sí i. Ṣùgbọ́n kò hunṣọ mọ́ títí ó fi fayé sílẹ̀.

Dúró gé etí aṣọ náà fún mi. Ó wà lára ògiri ọ́fíìsì mi ní Kábbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ láísẹ́ǹsì tí n kò jẹ́ kó kú mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí mo bá rí òwú pupa lọ́jà, ẹsẹ̀ mi máa ń dúró fúnra rẹ̀. Màmá Ẹkìnrìn náà ti lọ, kò sí ẹni tí mo lè pè mọ́.

Nítorí náà, ìwọ tí o gbọ́ mi dé ìhín ni mo fẹ́ bi: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ká ní ìwọ ni, ṣé o ò ní di ìgunpá ìyá náà mú?