Okùn Ẹlẹ́ni Méjì

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Alàgbà Adékọ̀yà tọ́jú pátákó igi àpá kan sí kó lè gbẹ. Òun àti Màríyámọ̀, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n jọ gbé e wọ ilé tí wọ́n ń gbé ní Ìkòsí. Màríyámọ̀ kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Pátákó ò tíì di ilẹ̀kùn.

Rasheedat, ọmọ wọn, ló pè lórí fóònù láti Ifákọ̀, níbi tó ń kọ́lé sí.

"Daddy, tí ilẹ̀kùn yẹn ò bá ṣe tán di Sátidé, a máa ra ti China o."

"Ilẹ̀kùn páálí yẹn? Ewúrẹ́ á kàn án wọlé!"

"Daddy, kò séwúrẹ́ ní estate wa."

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó wọ́ pátákó náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìlà gígùn méjì ló gbọ́dọ̀ fà sí i kó tó fi ayùn là á. Ẹnì kan á di orí okùn tí wọ́n fi ẹfun pa mú, ẹnì kejì á fà á le, á sì ta á kí ẹfun lè fa ìlà sójú pátákó. Iṣẹ́ Màríyámọ̀ ni dídi orí okùn mú. Àwọn káfíńtà mìíràn a máa so ó mọ́ ìṣó, ṣùgbọ́n Adékọ̀yà kì í kan ìṣó mọ́ ojú pátákó ilẹ̀kùn. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ó fi òòlù tẹ orí okùn mọ́lẹ̀. Okùn yọ̀, ìlà wọ́. Ó fi àkísà tútù nù ún, ó tún ta á. Ó wọ́. Ó mú ayùn, ó tún gbé e sílẹ̀. Pátákó kan ṣoṣo ni, àkísà ò sì lè nu ibi tí ayùn bá ti gé.

Ó kan ilẹ̀kùn Mummy Helen, tí wọ́n jọ ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ju "ẹ káàárọ̀" lọ, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di okùn mú."

"Okùn? Daddy, ṣé kì í ṣe ejò?" Ó lóṣòó, ó fi orí ìka méjì mú un nítorí èékánná rẹ̀.

"Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́."

Okùn dún pá. Ìlà funfun náà tọ́.

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Obìnrin náà wọlé. Adékọ̀yà dúró ti pátákó. Ìlà kejì ṣì kù; ẹnu rẹ̀ ló kọ̀ láti sọ ọ́. Ó gbọ́ tí Mummy Helen ń wá kọ́kọ́rọ́. Tó bá lọ síbi iṣẹ́, ó di alẹ́.

Ó dé ẹnu ọ̀nà kí obìnrin náà tó ṣílẹ̀kùn.

"Mummy Helen, ìlà kan ṣì kù."

"Ha-à! Daddy, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

Mummy Helen gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó tún lóṣòó. Bàbá náà lọ sí ìkángun kejì.