Páìpù Méjì Lábẹ́ Píkọ́ọ̀pù Bàbá Mi

Òórùn èéfín ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé. Kí oòrùn tó yọ, bàbá mi á ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù rẹ̀ nínú àgbàlá wa ní Òkè-Ìlá, á ti bu omi sí i, á sì tan án sílẹ̀ kó máa kùn kí ẹ́ńjìnì lè gbóná. Èéfín rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé, á dàpọ̀ mọ́ òórùn ẹ̀kọ gbígbóná tí màámi ń rò, èmi àti àbúrò mi Dọlápọ̀ á sì mọ̀ pé oko Ìgèdè ti yá. Títí di òní, bí ọkọ̀ àtijọ́ kan bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kùtùkùtù, inú mi á kọ́kọ́ dùn, kí n tó rántí pé kò yẹ kó dùn.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni bàbá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan nígboro Adó. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan àwọn tí kò kọ́ rí. Ọmọ Ìgèdè ni, kò sì torí ṣọ́ọ̀kì pa oko bàbá rẹ̀ tì. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí bí àwọn tíṣà ìgbà yẹn ṣe ń ṣe é: Mọ́ńdè sí Fúráìdè nínú kíláàsì, Sátidé lóko, Sọ́ńdè nínú ẹgbẹ́ akọrin. Píkọ́ọ̀pù náà ló ń gbé iṣu wa wálé, òun ló ń gbé bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló ń gbé aláboyún àdúgbò lọ sí ọsibítù. Òwe kan sì wà tí kì í wọ́n lẹ́nu bàbá mi: "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè." Bí a bá kọ̀ láti béèrè ohun tí a kò mọ̀, òwe yẹn ni á kọ́kọ́ fi nà wá kó tó wá mú pàṣán.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ẹ́ńjìnì píkọ́ọ̀pù náà kú. Bàbá mi ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Apá kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu tirẹ̀ tí èéfín ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n páìpù èéfín kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ọkọ̀, èyí tín-ín-rín tí ẹ́ńjìnì àtijọ́ ń lò. Bàbá mi àti mẹkáníìkì kan so ẹnu méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n la agolo mílíìkì, wọ́n wé e mọ́ oríkèé ibẹ̀, wọ́n fi wáyà dì í. Bàbá mi nu ọwọ́, ó ní iṣẹ́ parí.

Jórinjórin kan wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, ẹni pẹ̀lẹ́ kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí a ń pè ní Bàbá Sàlíù. Lọ́jọ́ kan tí a ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó na ọwọ́ dá bàbá mi dúró. Ó ní òun gbọ́ bí ẹ́ńjìnì náà ṣe ń mí, pé ó dà bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, àti pé èéfín lè máa sá wọ inú ọkọ̀. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní jórinjórin fẹ́ kọ́ òun ní sáyẹ́ǹsì. Màámi kò bá a rẹ́rìn-ín. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni orí ti máa ń fọ́ ọ bí a bá ti ń toko bọ̀, ó sì ti wí i. Èsì tí bàbá mi ń fún un ni pé kó yí gíláàsì sílẹ̀.

Ní Sátidé kan, òjò kò jẹ́ ká yí gíláàsì sílẹ̀. Iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì há mọ́ iwájú: bàbá mi tó ń wa ọkọ̀, èmi láàárín, màámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Dọlápọ̀ ọmọ ọdún márùn-ún lórí itan rẹ̀. Ọkọ̀ ń fi ìnira gun òkè. Mo ń ka igi tó ń kọjá lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì ń ṣì í kà. A ti wọ Ìyìn nígbà tí màámi pe Dọlápọ̀ tí kò dáhùn. Ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Orí ọmọ náà kàn ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ni.

"Dá ọkọ̀ dúró," màámi wí. Kò pariwo. Àìpariwo rẹ̀ gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Kí ọkọ̀ tó dúró tán, ó ti bẹ́ sílẹ̀, ó gbé Dọlápọ̀ sínú òjò. Èmi náà sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń yẹ̀, mo sì bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ìyá àgbà kan tó ń sun àgbàdo lábẹ́ páànù sáré jáde, ó gba ọmọ náà mọ́ra níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ó ń fi omi òjò nù ún lójú, ó ń pè é wálé bí ẹni pé òun ló bí i: "Ọmọ mi, wá ulé. Wá ulé o." Ó pẹ́ lójú mi bí ọdún kan kí Dọlápọ̀ tó wúkọ́, tó bì, tó sì bú sẹ́kún. Bàbá mi dúró nínú òjò, kò mọ ohun tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Màámi kò gbà kí ọmọ kankan padà sínú píkọ́ọ̀pù náà. Ọkọ̀ èrò ló gbé wa dé ọsibítù l'Ádó. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wa ní orí ló yọ wá, pé èéfín ọkọ̀ kì í bá ènìyàn jà, ó máa ń tan ènìyàn sùn ni.

Màámi kò bá bàbá mi jà lẹ́yìn náà. Ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń kí i bó ṣe máa ń kí i. Ó kàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ẹsẹ̀ ọmọ òun kò ní tẹ inú ọkọ̀ yẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ tí òun náà fẹ́ràn láti máa sọ ni pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní ọjọ́ kẹta, bí bàbá mi ṣe tiléèwé dé, ó dé fìlà, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sàlíù. Màámi pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Bá bàbá rẹ lọ," ó wí. "Ohun tí o bá fi ojú rẹ rí ni kí o wá sọ fún mi. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀."

Bàbá mi rọra wa ọkọ̀ lọ, èmi ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e. Bàbá Sàlíù kò rán bàbá mi létí ohunkóhun. Ó béèrè àlàáfíà ọmọ, ó sì yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó jáde, agolo mílíìkì wa ló mú lọ́wọ́, ó ti jó dúdú, ó ti là sí méjì. Ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé kó kàn bá òun fi iná lẹ ibẹ̀ dáadáa, pé irin tó nípọn á gbà á. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ títí ó fi parí.

"Tíṣà, mi ò ní lè lẹ̀ ẹ́," ó wí. "Ihò imú méjì ni ẹ́ńjìnì yìí ní, ẹ wá ní kó máa fi ẹyọ kan mí. Bí mo bá lẹ ibí, á já lọ́hùn-ún. Páìpù méjì ló ń fẹ́, kálukú pẹ̀lú sàlẹ́ńsà tirẹ̀, títí dé ẹ̀yìn pátápátá."

Ohùn tí bàbá mi fi ń kọ́ kíláàsì ló bá jáde. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ariwo ló ń fi páìpù méjì sábẹ́ ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nípa agbára atẹ́gùn àti ìwé tí òun ti kà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Ó ní kó sáà lẹ̀ ẹ́ ná. Iṣẹ́ tí màámi rán mi nìkan ló wà lọ́kàn mi, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa jẹ́ ẹ. Mo fà á láṣọ.

"Bàbá, kí ni kí n wí fún Màámi?"

Mo rò pé á gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó wo agolo yẹn títí, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹ ṣe é bó ṣe yẹ," ó wí fún Bàbá Sàlíù. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣàlàyé fún mi bí ẹ ṣe ń ṣe é. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé kò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà, bí a bá sì ti dé láti iléèwé ni èmi àti bàbá mi ń lọ síbẹ̀. Wáyà ni Bàbá Sàlíù kọ́kọ́ fi wọn abẹ́ ọkọ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí abẹ́ ọkọ̀ ṣe tẹ̀, kó má kan táǹkì epo, kó má kan irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló rọ yanrìn gbígbẹ kún inú páìpù, ó dí i lẹ́nu, ó yan án nínú iná títí ó fi pọ́n, ó sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bá wáyà náà mu. Ó ṣàlàyé pé yanrìn ni kì í jẹ́ kí páìpù fún níbi tó bá ti tẹ̀. Bàbá mi ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan bí akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n gbé ọ̀kan gba ọ̀tún, èkejì gba òsì, wọ́n sì fi rọ́bà tí wọ́n gé lára táyà àtijọ́ so wọ́n rọ̀ kí wọ́n má bàa máa gbá ara ọkọ̀.

Nígbà tí iná kú tán, Bàbá Sàlíù po omi ọṣẹ sínú abọ́, ó sì yíjú sí mi. "Ìwọ tí ìyá rẹ rán, wá fi ojú ara rẹ rí i." Wọ́n tan ẹ́ńjìnì, wọ́n fi àkísà dí ẹ̀yìn páìpù díẹ̀, èmi sì dọ̀bálẹ̀ lórí páálí, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa ọṣẹ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ibi tí atẹ́gùn bá ti ń jò, ọṣẹ á hó níbẹ̀. Oríkèé ìkíní dára, ìkejì dára. Ní ìkẹta, ní ìsàlẹ̀ ibi tí màámi máa ń gbé ẹsẹ̀ lé gan-an, ọṣẹ hó. Mo pariwo pé mo rí i. Kí Bàbá Sàlíù tó sọ̀rọ̀, bàbá mi ti ní kó jọ̀ọ́, kó tún un jó. Ó tún un jó, mo tún fi ọṣẹ pa á, kò hó mọ́.

Nígbà tí mo délé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni màámi bi mí: "Èwo lo rí tí kò dára?" Mo sọ ti oríkèé kẹta fún un. Ó mi orí pé òun ti gbọ́. Ó jọ pé nítorí pé mo sọ èyí tí kò dára ló ṣe gba ìyókù gbọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun nìkan ló kọ́kọ́ bá bàbá mi jókòó sínú ọkọ̀. Wọ́n yí gíláàsì sókè, wọ́n wà á dé Ìyìn, wọ́n sì padà. Ìró rẹ̀ ti yàtọ̀, ó jinlẹ̀, ó sì tutù. Màámi sọ̀kalẹ̀, ó ní ká wọ ọkọ̀ ká máa lọ. Bàbá mi kò tíì gbé ọkọ̀. Ó yíjú sí èmi àti Dọlápọ̀. "Mo ṣàṣìṣe," ó wí. "Ìyá yín sọ fún mi, mi ò gbọ́." Lọ́jọ́ yẹn, bí a ṣe ń bọ̀, a já iṣu mẹ́wàá sílẹ̀ fún ìyá alágbàdo ní Ìyìn.

Bàbá mi sọ ọ́ níléèwé pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní kíláàsì rẹ̀ ròyìn pé ó ya ẹ́ńjìnì náà sójú pátákó, ó ya páìpù méjèèjì, ó sì sọ fún wọn pé ẹni tó kọ́ òun ní èyí kò ka ìwé kọjá Púrámárì Mẹ́ta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Tíṣà Oníhò Méjì. Ó ń jẹ́ ẹ.

Nígbà èwe mi, ìjókòó tí bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn dà bí ìtìjú lójú mi. Ojú tì mí fún un níwájú àwọn tó ń wò wá. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tó wà nígbà náà lọ báyìí, mo sì ti di igbákejì ọ̀gá iléèwé, mo ti mọ bí bẹ́ǹṣì yẹn ṣe ga tó. Dọlápọ̀ kò rántí nǹkan kan níbẹ̀ ju òjò lọ.

Ní sáà tó kọjá, ògiri kíláàsì kan là níléèwé wa. Gbogbo wa rí i. Ní ìpàdé, ọ̀gá wa ní ká fi sìmẹ́ǹtì dí i, ká kùn ún lọ́dà kí àwọn àlejò tó dé. Mo wo ojú àwọn tó jókòó, mo sì dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn, tí mo sọ fún un pé ògiri náà lè wó lu àwọn ọmọ. Ó gbọ́ mi, ó kó àwọn ọmọ kúrò nínú kíláàsì náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, àwọn tó kà mí sí akíkanjú sì ń kí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ.