Ìwo Lórí Abo Ẹtu

Kí àwọn òyìnbó Faransé tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀dá kan mú ní Manigri, ìlú wa. Iṣu tí a gbìn gbẹ mọ́ inú ebè. Ẹran ìgbẹ́ ni ọkọ mi fi ń bọ́ èmi àti ìyá rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ti kú kí ọ̀dá náà tó dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ẹtu kan dé láti igbó ọ̀nà Bàsílà. Ẹtu kò ga ju ewúrẹ́ kékeré lọ. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì, oje dúdú ń sun níbẹ̀ bí ìgbà tó ń sunkún. Mo mú ọ̀bẹ. Bí mo ṣe yí i padà, ọwọ́ mi kan ọmú, wàrà sì tú sí mi lọ́wọ́.

"Baálé mi, abo ni o! Ó ń tọ́mọ lọ́wọ́."

"Abo báwo? Ṣé o ò rí ìwo lórí rẹ̀ ni?"

Ìyá ọkọ mi sún mọ́ wa. Ó fi ìka ya irun tó dúró ṣánṣán láàárín ìwo náà. "Abo ẹtu mìíràn a máa hùwo," ó ní. "Ìdí là á wò, a kì í wo orí."

Ọkọ mi dìde láti lọ wá ọmọ ẹtu náà. Ó tún kọrí sínú igbó, mo sì tẹ̀ lé e. A rí ọmọ náà lábẹ́ igbó dídí kan, ó ká jọ, kò mira, kò ké. Bí ìyá ẹtu ṣe ń fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn títí á fi dé. Mo pọ̀n ọ́n wálé.

Mo tọrọ wàrà ewúrẹ́ díẹ̀. Ọmọ ẹtu náà pa eyín dé. Ó kàn ń fi imú wá abẹ́ apá mi kiri, ọmú tèmi sì ti gbẹ tipẹ́.

"Ìyàwó, jẹ́ ká pa á kó tó rù tán," ni ìyá ọkọ mi wí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ ẹtu náà kú lórí itan mi.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ òfìfo ni ọkọ mi ń bọ̀ láti igbó. Ó ní bí ẹran bá dúró níwájú òun, òun kì í mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, apá òun á sì rọ.

"Ṣé kí ebi wá pa wá ni?" ìyá rẹ̀ bi í.

Ebi pa wá lóòótọ́. Ìyá ni ebi náà pa kú. Nígbà tí a sin ín tán, a di ẹrù, a lọ ṣe alágbàṣe lóko ẹlòmíràn ní Bàsílà, láàárín àwọn tí a ò gbọ́ èdè wọn.

Òjò rọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. A ò padà. Ta ni a fẹ́ padà lọ bá?