Obìnrin Tó Kẹ̀yìn sí Ìnàkí

Bí ẹ bá fẹ́ mú Kenyangi bínú ní abúlé wa, ẹ má wulẹ̀ bú u. Ẹ kàn bi í pé báwo ni ìnàkí ṣe rí. Obìnrin tó ti ń ru ẹrù òyìnbó wọ inú igbó láti ìgbà tí Ampurire ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọmú, tí Ampurire sì ti wà nílé ọkọ báyìí, kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí ìnàkí kan ṣoṣo. Ẹ lè rò pé irọ́ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan.

Iṣẹ́ alábàárù ló fà á. Àwọn alábàárù ló ń gbé báàgì àlejò gun òkè, tí wọ́n ń fà wọ́n lọ́wọ́ níbi tí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀, tí wọ́n ń tì wọ́n nídìí níbi tó bá ti ga jù. Ṣùgbọ́n tó bá ti ku díẹ̀ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìnàkí, aṣọ́gbó á ní kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Àlejò á tẹ̀ lé e wọlé fún wákàtí kan péré, alábàárù á jókòó ti báàgì. Kenyangi á jókòó, á na etí. Á gbọ́ tí ẹ̀ka igi ṣẹ́, á gbọ́ tí nǹkan kan húkọ́, gbogbo rẹ̀ á tún dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àlejò á jáde, àfi bí ẹni ń bọ̀ láti ilé òkú. Ohun tó ń jẹ Kenyangi lọ́kàn nìyẹn. Géńdé ọkùnrin onírùngbọ̀n á máa nu omijé, á sì tún máa rẹ́rìn-ín.

"Orikiriza, kí lẹ rí níbẹ̀?" Ọ̀dọ́ aṣọ́gbó tó ń ṣáájú wọn ló ń bi.

"Ìnàkí ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ìnàkí ni! Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ewé ló ń jẹ."

"Ewé ló ń jẹ, àwọn wá ń sunkún? Ṣé ewé wọn ló ń jẹ ni?"

Kò sẹ́ni tí kò bi. Barugahare, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, tí ilé rẹ̀ kángun sí igbó, sọ fún un pé ojú ìnàkí dà bí ojú àna ẹni tó ń retí màlúù ìdána. Ìyàwó Barugahare ní rárá o, pé ojú ẹni tí wọ́n jí kó tó sùn tó ni. Kenyangi bi wọ́n bóyá àtẹ́lẹwọ́ ìnàkí ní ìlà bíi tiwa. Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó kíyè sí ìyẹn rí nínú wọn. "Ẹ̀yin náà lójú lásán ni!" ló sọ, ó sì bínú jáde.

Kì í ṣe pé ìnàkí kì í wá sí abúlé o. Wọ́n ń wá. Ọdún kan wà tí odidi ẹbí wọn wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kenyangi gan-an, tí wọ́n ń fa ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ya bí ẹni ya àkísà. Ọjà ló lọ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó fi sáré dé, ìgbẹ́ wọn ló bá nílẹ̀. Gbogbo abúlé dúró létí oko, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń wo ìgbẹ́.

"Ìyá Ampurire, ó kí ẹ o!" Barugahare pariwo. "Ó ní òun wá, òun ò bá ẹ nílé!"

Ẹ̀rín pa àwọn èèyàn. Kenyangi mú ọkọ́, ó kó ìgbẹ́ náà sídìí àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìnàkí kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ engozi ni. Kò sí ọ̀nà mọ́tò lórí òkè wa. Bí ara èèyàn ò bá yá, bí aboyún bá ń rọbí, bí ẹnìkan bá kú sí ọ̀nà jíjìn, inú engozi la máa ń gbé e sí: apẹ̀rẹ̀ gígùn tí wọ́n hun, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá méjì, tí èèyàn mẹ́rin sì máa ń fi èjìká gbé, tí àwọn mìíràn á máa gbà á lọ́wọ́ wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ engozi ló ń fi èjìká kan sílẹ̀. Bí wọ́n bá fọn ìwo, kó o ju ọkọ́ sílẹ̀ kó o máa bọ̀. Ilé tí kò bá fi èjìká sílẹ̀, lọ́jọ́ tiwọn, ìwo á dún títí, kò sẹ́ni tó máa yọjú. Ẹ lè ní ìwà ìkà ni. Ẹ wá gun òkè wa lẹ́ẹ̀kan ná, kẹ́ ẹ tó bínú sí wa.

Tibemanya, ọkọ Kenyangi, kò jẹ́ kí ìwo dún lẹ́ẹ̀mejì rí kó tó dé. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé engozi ló gbé òun náà nígbà tó kú lásìkò òjò. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ àti ìyá tó bí òun gan-an, tó ń gbé lọ́dọ̀ Kenyangi. Bí kùrukùru bá ti bo òkè, àyà ìyá náà á máa há, á máa mí bí ẹni tí wọ́n gbé nǹkan lé láyà. Ilé ìwòsàn sì wà ní òkè kejì, lódì kejì àfonífojì. Gbogbo ìgbà tí Kenyangi bá ti gbọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ húkọ́, ẹ̀rù á bà á dé egungun: ta ló máa gbé ìyá yìí?

Ló bá lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ engozi. Ó dìde láàárín àwọn ọkùnrin, ó ní, "Ilé Tibemanya ò tíì kúrò nínú ẹgbẹ́ o. Èjìká mi nìyí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bitariho nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ni olórí ẹgbẹ́, àgbà ọkùnrin tó gbẹ bí igi ìdáná, tó ti gbé ìdajì abúlé wa lọ sílé ìwòsàn tó sì gbé ìdajì yòókù lọ síbi ìsìnkú.

"Ìyàwó wa," ó ní, "obìnrin kì í wọ abẹ́ engozi. Oúnjẹ lobìnrin ń gbé tẹ̀ lé e. Bá a ṣe bá a nìyẹn."

"Bàbá, lójú yín ni mo ti ń ru báàgì òyìnbó gun òkè yìí lójoojúmọ́."

"Báàgì kì í kú síni lọ́wọ́."

Bitariho ní kó wá ọkùnrin kan tó máa dúró fún ilé rẹ̀ kí wọ́n tó kórè ọkà bàbà. Bí kò bá rí, kí wọ́n yọ ilé náà kúrò. Ta ló fẹ́ rí? Àbúrò ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kampala, ọdún Kérésìmesì nìkan ló máa ń rántí ilé. Ọkà bàbà ti ń pọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ìyá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Marit dé, tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì, orúnkún rẹ̀ wú nínú aṣọ tó fi dì í. Ó ní òun ò ní kú láìrí ìnàkí. Kenyangi gbọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí Orikiriza túmọ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ìyá náà lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ò lè gun òkè, wọ́n bá ránṣẹ́ pe àwọn elengozi. Àlejò tí kò lè rìn, engozi náà la fi ń gbé e. Hẹlikọ́pítà làwọn ọ̀dọ́ wa ń pè é.

Bitariho kó àwọn ọkùnrin rẹ̀ dé. Orikiriza ní kí ẹni tí ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ọ̀fìnkìn tiwa lè pa ìnàkí. Ọkùnrin kan bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Ìkejì ní kò sóhun tó ṣe òun, ó sín, ó tún ní kò sóhun tó ṣe òun, ó tún sín. Wọ́n lé e. Èjìká ò wá pé mọ́. Wọ́n ń wo ara wọn, ìyá òyìnbó ń wo òkè.

Kenyangi sọ báàgì Marit kalẹ̀. "Mo wà ńlẹ̀ o."

"Ìlà ọwọ́ ló fẹ́ lọ wò!" Barugahare ní. "Ẹ jẹ́ kó lọ wo ìlà ọwọ́!"

Bitariho wo ojú ọ̀run, ó wo òkè, ó wo Kenyangi. "Ẹ̀yìn, lápá òsì. Èmi á wà lápá ọ̀tún. Ìyá Ampurire, gbọ́ mi dáadáa: bí èèyàn bá já bọ́ lábẹ́ èjìká ẹ lónìí, má bá mi sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ mọ́ láyé."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ni wọ́n bá gbéra. Kò pẹ́ tí Kenyangi fi rí i pé òótọ́ ni Bitariho sọ, engozi kì í ṣe ẹgbẹ́ báàgì. Èèyàn ń mí nínú rẹ̀. Bí Marit bá mí kanlẹ̀, ọ̀pá á mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀rù bá bà á, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á rọ́ sápá kan, ọ̀pá á bọ́ sí egungun ọrùn ẹni. Irun funfun orí ìyá náà nìkan ni Kenyangi ń rí níwájú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ibi tí alábàárù ti máa ń jókòó, àwọn elengozi ò dúró, wọ́n ń lọ. Kenyangi náà ń lọ! Inú rẹ̀ ń dùn. Lónìí, òun náà á rí i.

Àwọn tó ń tọpasẹ̀ ìnàkí ti ní wọ́n wà lódì kejì odò. Bóyá wọ́n ti wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìnàkí kì í dúró de ẹni. Ibi tí ọ̀nà ti rọra gba ẹ̀gbẹ́ òkè, tí èsìsì wà lápá ọ̀tún, tí ọ̀gbun wà lápá òsì, ni ewé ti ya gbàràgàdà. Bàbá ìnàkí ẹlẹ́yìn funfun jáde, ó sì ké.

"Ẹ lóṣòó! Ẹ má sáré!" Orikiriza pariwo.

Barugahare wà lọ́wọ́ iwájú. Ó yọ èjìká lábẹ́ ọ̀pá, ó lóṣòó bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ kúnlẹ̀. Iwájú engozi bá wólẹ̀, apẹ̀rẹ̀ dà sápá òsì, Marit sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ síhà ọ̀gbun. Kò pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń wá ohun tó máa dì mú, kò sì rí nǹkan kan.

Kenyangi fi orúnkún gúnlẹ̀, ó há ọ̀pá mọ́ ìgbọ̀nwọ́, ó na ọwọ́ kejì gba abẹ́ apá ìyá náà kọjá, ó sì dùbúlẹ̀ lé e lórí pátápátá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí ìnàkí. Ó gbọ́ tó ń lu àyà. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ orúnkún rẹ̀. Òórùn kan dé bí òórùn ilé ewúrẹ́ tí òjò pa, àjákù ewé ń bọ́ sí i lórí. Ọrùn lásán ló kù kó yí. Ẹ gbọ́ mi: ọrùn lásán! Ohun tó ti ń bi gbogbo ayé léèrè láti ọjọ́ yìí wá wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó ń mí. Àmọ́ bó bá yí ọrùn, èjìká á yẹ̀, bí èjìká bá sì yẹ̀, ìyá yìí ti lọ.

"Mo dì yín mú, Màmá," ló ń sọ lédè wa, tí Marit ò gbọ́. "Mo dì yín mú. Mo dì yín mú."

Ojú Marit ń wo ohun kan tó wà lẹ́yìn èjìká Kenyangi. Ó là rẹkẹtẹ, omi sì ń ti inú rẹ̀ bọ̀.

Ìgbà tó yá, igbó dákẹ́. Àwọn ìnàkí ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun níbi tí engozi ò lè gbà, kùrukùru sì ti ń bọ̀. Orikiriza bi Marit bóyá kí wọ́n dúró wò ó bóyá wọ́n á tún gòkè wá. Ó ní rárá, ó ti tó òun. Wọ́n tún gbé e lé èjìká, wọ́n dá a padà sílé.

Wọn ò tíì sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ tán lábúlé tí Barugahare ti ń ṣe bí ìnàkí. Ó ń lu àyà, ó ń ya ẹnu, ó ní apá rẹ̀ tó itan màlúù. Ẹlòmíì ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin bá yí Kenyangi ká.

"O rí i wàyí! Ó ya, sọ fún wa, báwo ló ṣe rí?"

"Mi ò rí i."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò rí i! Ẹ̀yìn mi ló wà."

Ariwo ẹ̀rín yẹn, bóyá ni àwọn ará òkè kejì ò gbọ́ ọ. Àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó wà lẹ́yìn ẹ, o ò bojú wẹ̀yìn?" Barugahare ń fọwọ́ di ikùn. "Háà, Ìyá Ampurire! Ìnàkí ti kórìíra ẹ!"

"Kí n bojú wẹ̀yìn, kí ta ló di ìyá mú? Ìwọ?" Kenyangi fẹ́ bínú ni, ẹkún ló jáde. Ó dùn ún. Ó dùn ún gan-an ni, ó sì sunkún bí ọmọdé lójú gbogbo wọn, torí ó mọ̀ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè má wá mọ́.

Bitariho ti jókòó sórí òkúta, ó ń fọwọ́ pa èjìká rẹ̀. Ó dìde.

"Barugahare, ìnàkí yẹn tóbi?"

"Ó tóbi, Bàbá."

"Eyín rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó gùn báyìí."

"Kí ni ìyá òyìnbó dì mú nígbà tí engozi wó?"

Barugahare yíjú sí ẹni tí wọ́n jọ gbé iwájú.

"O ò mọ̀. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ò mọ̀. Ìnàkí ni mò ń wò. Mo ti ń wò ó kí wọ́n tó bí ẹ, mo tún ń wò ó lónìí, èèyàn tó wà lọ́rùn mi sì ń lọ." Ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ilẹ̀ ni Kenyangi ń wò. "Èmi náà ò ní pẹ́ di ẹrù yín. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fọn ìwo tèmi, Ìyá Ampurire ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́ ọ̀pá níbi orí mi."