Ọpẹ́ Tí Mo Gbé Mì ní Ìbàdàn

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo fi kúrò nílé ní Ẹdẹ, fúláàsì wa tó tóbi jù lọ́wọ́ mi. Ìṣó ló gún Fúnmi, ọmọ mi, lẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tó di àná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti le gbagidi, kò lè la ẹnu mu omi. Dókítà ní abẹ́rẹ́ kan ló lè gbà á, kò sì sí i ní gbogbo Ẹdẹ. Ó ní kí n wá a dé Ìbàdàn, kí n fi yìnyín tọ́jú rẹ̀, kí n sì padà kí oòrùn tó wọ̀.

Náírà méjì la ń wọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti di mẹ́ta láti ìgbà tí sójà ti gbàjọba. Láti Ṣẹkọ́nà dé Gbọ̀ngán, kòtò pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Dẹ́rẹ́bà ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀, a ó débẹ̀." Mo ní kó wa ọkọ̀ rẹ̀ jàre.

Ní ọsibítù Ìbàdàn, a tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ iléèwé, torí sójà kò fẹ́ rí ẹni tó ń ti èèyàn. Ní Ẹdẹ, a kì í ra ata láìbéèrè àlàáfíà ilé ara wa. Níbí, kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì. Nígbà tó kàn mí, ẹni tó ń pín oògùn kọ lẹ́tà méjì sí ìwé mi: O.S. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oògùn ti tán.

Ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun, tó fẹ̀yìn ti ògiri, bi mí pé kí ni mo ń wá. Mo fi ìwé náà hàn án, mo ní ọmọ mi ni.

"Ará Ìwó ni mí," ó ní. "Àdá ló ṣá bàbá mi lẹ́sẹ̀ lóko. Láàárọ̀ yìí ni mo rí abẹ́rẹ́ yẹn rà níta. Kí n tó gbé e dé, wọ́n ti kú." Ó na ọ̀rá kan tó kún fún yìnyín sí mi, abẹ́rẹ́ náà wà nínú rẹ̀. "Ẹ gbé e fún ọmọ yín."

"Èló ni, ẹ jọ̀ọ́?"

"Ẹ má sanwó. Ẹ tètè máa lọ."

Ọpẹ́ ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti kọ́ mi láti kékeré pé a kì í dúpẹ́ oògùn, kó má baà ṣàìjẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní gbogbo Ọjọ́rú pé kí wọ́n máa dúpẹ́ lórí ohun gbogbo, mo gbé ọpẹ́ mì. Mo ní, "Á jẹ́ o," mo kó o sínú fúláàsì, mo sì sáré lọ síbi ọkọ̀. Mi ò tilẹ̀ kí i kú ọ̀fọ̀.

Nítòsí Ìkirè, sójà dá wa dúró, ó ní kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. "Wetin dey inside?" Fúláàsì ló nàka sí. Ọkọ̀ dẹ́rẹ́bà tí mo jágbe mọ́ láàárọ̀ ni mo tún wọ̀. Òun ló kúnlẹ̀ sínú eruku. "Oga, abeg, na medicine. Pikin dey die." Sójà ṣí i, ó wò ó títí. Mò ń gbọ́ bí yìnyín tó ti yọ́ ṣe ń mì nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dé e, ó ní ká máa lọ.

Mo sọ fún dẹ́rẹ́bà pé, "O ṣeun, ọmọ mi." Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo rántí ará Ìwó yẹn, mo sì bú sẹ́kún.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí a fi dé Ẹdẹ. Yìnyín tó ṣẹ́kù kò ju ẹ̀pà lọ. Wọ́n gún Fúnmi lábẹ́rẹ́, a sì ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó la ẹnu, ó ní òun fẹ́ ẹ̀kọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo ti kọ́ ọ báyìí pé ọpẹ́ kì í ba oògùn jẹ́, àti pé ọpẹ́ Ọlọ́run kò san gbèsè ọpẹ́ ènìyàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a jáde síwájú ìjọ fún ìdúpẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà fún ọkùnrin tó fún wa ní abẹ́rẹ́. Pásítọ̀ wa bi mí léèrè orúkọ rẹ̀. Fúnmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ìjọ ń retí, bẹ́ẹ̀ mi ò béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.