Etí Tí Fẹ́mi Kàn Mọ́ Ògiri

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́, kí inú mi lè rọ̀: ọmọ tó bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀, kó máa wá bẹ̀ ẹ́ wò. Kó má kan nǹkan mọ́ ògiri ilé ìyá, kó wá padà lọ jókòó sí Ìlú Ọba. Ohun tí Olúwafẹ́mi ṣe fún Màmá Tabitha nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ fún un láìfi bò.

Bísọ́lá ni mí. Aránṣọ ni mí ní Kankon níbí, ṣọ́ọ̀bù mi dojú kọ ilé Màmá Tabitha gan-an. Bí wọ́n bá húkọ́, mo gbọ́. Ègùn ni Màmá, opó ni wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Yorùbá wọn já gaara, àmọ́ bí inú bá bí wọn tán, Ègùn ni wọ́n fi ń ké pe Olúwa: "Oklunọ!" Tí o bá ti gbọ́ ìyẹn, yáa wábi gbà.

Àwọn ni olórí kíláàsì wa ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Kíláàsì yìí kì í ṣe ti ilé ìwé o. Wọ́n máa ń fi ọmọ ìjọ díẹ̀ sábẹ́ àgbà kan, kí àgbà náà máa bá wọn mójú tó ọkàn wọn. Ọjọ́ tí ayé bá sú ọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo máa gbà lọ. Pálọ̀ Màmá Tabitha ni gbogbo àwa obìnrin ti máa ń sunkún. Ọkọ tó ń na ìyàwó, ọmọ tó ń jalè, oyún tí kò dúró, a ti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga pupa tó wà níbẹ̀. Ìkankan ò jáde lẹ́nu wọn rí. Wọn ò ní mọ́tò, wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnu tó mọ ọ̀rọ̀ pa mọ́ yìí ni gbogbo Kankon fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn.

Àfi bí olè ṣe já ilé kan ládùúgbò wa. Fẹ́mi gbọ́, ó sì fò wálé nígbà Àjíǹde. Ó kan kámẹ́rà funfun kékeré kan sókè ilẹ̀kùn pálọ̀, ó yọ àgádágodo bàbá rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó fi òmíràn tí wọ́n ń fi fóònù ṣí síbẹ̀. "Mọ́mì, ibi yòówù kí n wà, màá máa rí yín. Ọkàn mi á balẹ̀." Ọkàn tiẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́. Ti ìyá rẹ̀ ni kò balẹ̀ mọ́.

Ẹ mọ bí Kankon wa ṣe sún mọ́ bọ́dà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kútọnu máa gba fóònù mọ́ ọ lọ́wọ́, táá máa fi Faransé kí ọ káàbọ̀. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn Màmá ò ní ṣí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ká wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà ara wọn. Wọ́n tẹ fóònù títí, kò dáhùn. Wọ́n sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi, omi ń ro tótó lára wọn. "Bísọ́lá, wò mí. Ilé tí èmi àti bàbá Fẹ́mi kọ́, mo wá ń tọrọ àyè kí n tó wọ̀ ọ́!" Mo fún wọn ní ìró, mo sì bú àgádágodo náà dáadáa.

Ti kámẹ́rà ló tún wá ká wọn lára jù. Kò tọ́ lójú wọn kí ọmọkùnrin máa wo àwọn obìnrin tó ń sunkún. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti wọlé tó ní òun lọ́rọ̀ láti sọ, Màmá á gun àpótí, wọ́n á fi ìborí dúdú kan bo kámẹ́rà náà mọ́lẹ̀. "Ó tán. Kò ríran mọ́." A ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ má bá wa wí. Kámẹ́rà tí àwa mọ̀, fọ́tò ló ń yà. Ta ló ń bo etí fọ́tò?

Abẹ́ ìborí yẹn ni Ọpẹ́olúwa ti sọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìyàwó Démọ́lá ni, ọmọdé ni, ó sì níwà. Démọ́lá ti búra pé ìyàwó òun ò ní lọ sílé ìwé kankan. Ọpẹ́ fi ọgbọ́n wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Otto, ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń lọ ran àǹtí òun lọ́wọ́ ní Ìjanikin. Màmá Tabitha nìkan ló finú hàn, torí ẹ̀rù ń bà á, ó fẹ́ kí wọ́n máa bá òun gbàdúrà.

Kò pẹ́ rárá, Démọ́lá lọ dúró dè é lẹ́nu géètì ilé ìwé. Ó wọ́ ọ wálé, ó sì dáná sun àwọn ìwé rẹ̀ ní àgbàlá. Èéfín rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi níbi tí mo ti ń ranṣọ.

Ọpẹ́ wá bá Màmá lójú títì, níwájú gbogbo èèyàn. Kò pariwo. "Mà, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún."

"Ọpẹ́, mi ò sọ ọ́."

"Ẹ̀yin nìkan ni, mà." Ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ.

Ó parí nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ kíláàsì tún pé, Màmá bo kámẹ́rà bí ìṣe wọn, àmọ́ gbogbo àga ṣófo, àfi tèmi. Màmá ò lè jókòó. Wọ́n á to àga, wọ́n á tún un tò. Wọ́n á lọ wo ojú fèrèsé, wọ́n á padà. Mo ní kí wọ́n jẹun, wọ́n kọ̀.

"Bísọ́lá, àbí mo sọ ọ́ lójú oorun ni?"

"Ta ló wà níbẹ̀ tó máa gbọ́, Màmá?"

"Àbí iyè mi ló ti ń ra? Àbí mo sọ ọ́ fún ẹnì kan, tí mo sì gbàgbé?" Ẹ̀rù bà mí, àánú wọn sì ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ìgbà náà ni ohùn kan jáde lábẹ́ ìborí dúdú yẹn.

"Mọ́mì, ẹ lọ jẹun. Ẹ má da ara yín láàmú nítorí ìyàwó Démọ́lá. Èmi ni mo sọ fún un. Ọ̀rẹ́ mi ni, kò yẹ kí ìyàwó rẹ̀ máa parọ́ fún un."

"Oklunọ!" Màmá dì mọ́ mi. Èmi fúnra mi, ìdí mi ti kúrò lórí àga.

"Fẹ́mi!" ni mo fi igbe ta. "Ta ló ní kí o máa tẹ́tí sí wa?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Bísọ́lá." Ẹ gbọ́ o! Ó ń kí mi!

"Kú kí ni? Aláìnítìjú! A ti bo nǹkan yìí!"

"Ojú rẹ̀ lẹ bò, Àǹtí. Ẹ ò dí etí rẹ̀."

Màmá rọra béèrè, "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti kàn án síbẹ̀. Àárò yín ló ń sọ mí, Mọ́mì. Tí mo bá ń ṣiṣẹ́, mo máa ń fẹ́ gbọ́ ohùn yín."

"Á jẹ́ pé o ti gbọ́ ti gbogbo wọn."

Mo gun àpótí, mo fi sísọ́ọ̀sì aṣọ mi gé wáyà náà, mo sì fà á tu tòun ti ìṣó.

Màmá ì bá dákẹ́. Ta ni ì bá mọ̀? Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí Ishaq káfíńtà dá àgádágodo àtijọ́ padà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì wọ ìlú lọ, láti ilé dé ilé. Mo tẹ̀ lé wọn. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan: "Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ, ọmọ mi gbọ́ ọ. Dákun, má bínú." Àwọn kan fà wọ́n mọ́ra. Rẹ̀mílẹ́kún ṣépè fún Fẹ́mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàmín. Ọpẹ́olúwa dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, mà."

Abẹ́ àgbọn, ní ọ̀nà etíkun, la ti ń ṣe kíláàsì báyìí. Fẹ́mi ń pè, ó ń bẹ̀bẹ̀, ìyá rẹ̀ á kí i, wọ́n á sì gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí Ọpẹ́olúwa tó ń bọ̀. Inú mi dùn débi pé mo dìde fún un lórí bẹ́ǹṣì. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, sọ̀rọ̀."

Ọpẹ́ wo ẹ̀yìn. Ó gbójú sókè wo àárín imọ̀ àgbọn. Lẹ́yìn náà, ó tẹjú mọ́ báàgì Màmá, níbi tí fóònù wà. Màmá rí i. Wọ́n gbé báàgì náà, wọ́n rìn lọ gbé e kalẹ̀ lórí iyanrìn lọ́hùn-ún, wọ́n sì padà wá jókòó.

"Ó tán, Ọpẹ́. Kò sí nǹkan kan níbí mọ́."

Ọpẹ́ ṣì tún bojú wo báàgì náà lọ́hùn-ún.

"Ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà, mà."

"Lórí kí ni, ọmọ mi?"

"Olúwa mọ̀ ọ́n, mà."

Màmá tẹrí ba, wọ́n sì gbàdúrà. Àdúrà náà ò gùn rárá, torí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa tọrọ.